Ẹ Bi Ọ̀gá Táyà: Táyà Wo Ló Lè Gbé Kòkó Jáde Nínú Ẹrẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Táyà. Ìdànrè ni mo ń gbé. Kòkó ni mo ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó wà ní abà, mo sì ń kó o lọ tà ní Àkúrẹ́. Hilux ọdún 2012 ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Lóṣù Ọ̀wàrà tó kọjá, ọkọ̀ náà há sínú ẹrẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sódò, pẹ̀lú àpò kòkó mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ la sùn, èmi, dẹ́rẹ́bà àti àwọn ọmọ méjì tó ń bá wa gbẹ́rù. Àpò mẹ́ta rin gbingbin, wọ́n sì ti bu kí n tó rí oòrùn sá wọn. Dẹ́rẹ́bà mi ní táyà ọlọ́dà ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, pé kí n ra táyà ẹrẹ̀, kí n sì ra èyí tó fẹ̀ jù. Ọmọ mi ọkùnrin ní táyà ẹrẹ̀ ń pariwo, ó ń jẹ epo, kí n má fi owó mi ṣòfò. Ẹnì kan tó ń ta tòkunbọ̀ sì ti gbé mẹ́rin wá hàn mí, eyín wọn tóbi, wọ́n ń dán. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ìyá Oníkòkó, Ìdànrè

Ìdáhùn

Ìyá mi, ẹ kú ewu. Ọlọ́run á fi èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò kòkó tó bàjẹ́. N kò dé ibi tí ọkọ̀ yín há sí rí, ṣùgbọ́n mo mọ irú rẹ̀. Ní 1989 tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọkanáísà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi lójú ọ̀nà Oǹdó sí Ọ̀rẹ̀, àwọn tó ń gbé gẹdú jáde nínú igbó ni oníbàárà wa. Wọ́n á fi ṣéènì wé táyà ẹ̀yìn kí wọ́n tó wọ igbó, wọ́n á sì padà wá bá wa pẹ̀lú táyà tó ti fàya. Ọ̀gá mi kì í bi wọ́n pé táyà wo ni wọ́n fẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ló máa ń bi wọ́n.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí olóòtú kọ́kọ́ pè yín, kí ó béèrè iye kìlómítà tí ẹ ń rìn lórí ilẹ̀ àti iye tí ẹ ń rìn lórí ọ̀dà. Ẹ ní láti títì dé abà yín jẹ́ kìlómítà 17, pé ní àsìkò kòkó ẹ máa ń lọ nígbà mẹ́rin lọ́sẹ̀, ẹ sì ń lọ sí Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àlọ àtàbọ̀ abà nìkan, kìlómítà 136 nìyẹn lọ́sẹ̀. Ti Àkúrẹ́ kò ju bíi 50 lọ. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ pọ̀ lórí ilẹ̀ tó báyìí, tí ó sì ń gbé kòkó lóṣù Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà tí òjò kò tíì gbọ́wọ́, táyà ẹrẹ̀ tọ́ sí i. Dẹ́rẹ́bà yín rí òótọ́ níbẹ̀. Ibi tó ti ṣìnà ni “èyí tó fẹ̀ jù” yẹn. Ọmọ yín náà kò parọ́, màá dé orí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó gbé tòkunbọ̀ wá ni kí ẹ má dá lóhùn rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí fún yín. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, katakátá wọ́ ọkọ̀ àgbẹ̀ kan dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Táyà ọlọ́dà tuntun ló wọ̀, kò tíì lò ó tó oṣù mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ ti táyà iwájú, n kò rí eyín kankan. Ẹrẹ̀ pupa ti dí ojú rẹ̀ yíká, ó jọ̀lọ̀, ó ń dán bí ara ìkòkò tí amọ̀kòkò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi pa. Mo ti ẹnu irin bọ̀ ọ́, mo yọ ẹrẹ̀ kan síta. Ó jáde lódindi, gígùn rẹ̀ tó ìka mi, gbogbo àwòrán ojú táyà náà sì wà lára rẹ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Táyà tuntun ni o, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ti sọ ọ́ di pípá. Ẹrẹ̀ ló ń yí lórí ẹrẹ̀. Kí ni yóò fi di ilẹ̀ mú?

Nítorí náà, bí ẹ bá dé iwájú ẹni tó ń ta táyà ẹrẹ̀, ẹ má jẹ́ kí eyín ńlá gbà yín lójú. Àlàfo tó wà láàárín eyín ni kí ẹ máa wò. Àlàfo yẹn ló ń gba ẹrẹ̀ mọ́ra, nígbà tí táyà bá sì yí, òun náà ló ń ju ẹrẹ̀ síta kí eyín lè tún bu ilẹ̀ jẹ. Ẹ ki ìka yín kan bọ inú rẹ̀, ó yẹ kí ó wọlé láìfún. Kí ẹ wá fi ìka náà tọ àlàfo lọ sí èjìká táyà. Bí eyín kan bá dábùú rẹ̀, tí ìka yín kò rí ọ̀nà jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹrẹ̀ náà kò ní rí ọ̀nà jáde. Èyí tó dára máa ń ṣí sílẹ̀ tààrà dé ẹ̀gbẹ́, á sì máa fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ. Ní ìsàlẹ̀ àlàfo, ẹ ó rí àwọn kókó kéékèèké tàbí ìlà tó yọ sókè. Àwọn yẹn ló ń ti òkúta jáde kó má baà há síbẹ̀ kó máa gún táyà lọ sínú.

Lẹ́yìn ìka, ẹ fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ. Ẹ ti í bọ inú àlàfo kó kanlẹ̀, kí ẹ fi èékánná sàmì sí ibi tó mọ, kí ẹ gbé e lé rúlà. Táyà ẹrẹ̀ tuntun máa ń jìn tó mìlímítà 14 tàbí 15. Táyà tí wọ́n kọ A/T sí lára, ìyẹn èyí tó wà fún ilẹ̀ àti ọ̀dà pọ̀, máa ń tó bíi 12. Ti ọ̀dà lásán kì í sábà ju 8 tàbí 9 lọ. M/T ni wọ́n ń kọ sára táyà ẹrẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ M/T sí lára tí ìgbálẹ̀ mi kò kà ju 10 lọ, mo sì dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ mú ìgbálẹ̀ dání, kò wúwo.

Ẹ̀gbẹ́ táyà náà ṣe pàtàkì fún yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀nà abà ti ní ipa jíjìn tí ọkọ̀ ńlá ti là sí i, ọkọ̀ yín á bọ́ sínú ipa náà, á sì máa fi ẹ̀gbẹ́ ha ògiri rẹ̀. Táyà ẹrẹ̀ gidi ní eyín tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́, òun lẹ óò fi gun ògiri yẹn jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni kùkùté. Oko kòkó kún fún kùkùté, ẹ̀gbẹ́ táyà ni kùkùté sì máa ń bá jà. Ẹ béèrè èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpele mẹ́ta, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀ pé 3-ply. Táyà tó bá ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ṣeé lẹ̀. Fọkanáísà tó bá ní òun á lẹ̀ ẹ́ fún yín, ẹ má jẹ́ kó ṣe é, nítorí ibẹ̀ ló ń ká tó sì ń nà ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn.

Ó wá kan ìwọ̀n, ibi tí dẹ́rẹ́bà yín ti ṣìnà. Ẹ̀yin ará Ìdànrè, àárín àpáta lẹ wà. Lábẹ́ ẹrẹ̀ ọ̀nà yín, kì í pẹ́ kí ènìyàn tó kan yangí tàbí òkúta. Táyà tí kò fẹ̀ jù á la ẹrẹ̀ kọjá bí àdá, á lọ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ líle nísàlẹ̀. Táyà fífẹ̀ á jókòó lórí ẹrẹ̀, á máa yọ̀ kiri. Ibi tí ẹrẹ̀ kò nísàlẹ̀, bí àbàtà apá Ìlàjẹ, níbẹ̀ ni fífẹ̀ ti wúlò. Tiyín kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀n tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kà á fún olóòtú, ni 265/65R17. 265 ni ìbú táyà ní mìlímítà. 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú yẹn. 17 ni ìwọ̀n rímù ní íǹṣì. Bí ẹ bá gbé e nàró, ó ga tó mìlímítà 776. Bí ẹ bá bọ́ sí 265/70R17, ó di 803, ìyẹn ni pé ikùn ọkọ̀ á gòkè díẹ̀, mìlímítà 13, nígbà tí ago ìsáré bá sì ń ka 100, ẹ ó ti máa sá bíi 103. Ìyẹn kò léwu. Ṣùgbọ́n 285/70R17 tí àwọn dẹ́rẹ́bà fẹ́ràn ga tó 831. Yóò máa ha ara ọkọ̀ tí ẹ bá yíwọ́, yóò wúwo lọ́rùn jíà, bíréèkì á sì ṣe wàhálà kó tó dá a dúró. Ẹ dúró sórí 265/65R17. Bí wọn kò bá ní in ní táyà ẹrẹ̀, 265/70R17 ni kí ẹ dé mọ. Kí wọ́n gbé e wọ̀ ọ́, kí dẹ́rẹ́bà yí ọwọ́ ọkọ̀ dópin sọ́tùn-ún, dópin sósì, kí ẹ fetí sí i bóyá ó ń ha nǹkan, kí ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ẹ ó rí nọ́ńbà àti lẹ́tà kan tó dúró papọ̀, bíi 112Q. Àwọn oníbàárà mi kì í wò ó, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbé kòkó yín. Àpò mẹ́rìndínlógún jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Ẹ fi ènìyàn mẹ́rin lé e, ẹ fi ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lé e, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbé kìlógíráàmù 1,000. Nọ́ńbà 112 túmọ̀ sí pé táyà náà lè gbé 1,120. 121 lè gbé 1,450. Ṣùgbọ́n 100 kò lè gbé ju 800 lọ, àwọn kan sì ń ta irú rẹ̀ fún ẹni tó ní Hilux nítorí pé rímù gbà á. Kí tiyín má dín sí 112. Lẹ́tà Q ní tirẹ̀ ń sọ pé kí ẹ má sá kọjá 160 ní wákàtí kan, èyí tí ẹ kò ní sá pẹ̀lú kòkó lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ ń dùn mí, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí mo ti rí. Ẹ ní wọ́n ń dán. Rọ́bà tó ti gbó kì í dán fúnra rẹ̀, nǹkan ni wọ́n fi pa á. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ti le, eyín rẹ̀ á máa ré lórí òkúta, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ya wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Àwọn kan tún máa ń fi abẹ gbígbóná gbẹ́ ojú táyà tó ti pá kó lè jọ èyí tó jìn. Ẹ ya àlàfo rẹ̀ wò dáadáa. Nínú àlàfo táyà tí wọn kò gbẹ́, ẹ ó rí ìgànná kékeré kan tó dábùú ìsàlẹ̀, ó ga tó mìlímítà 1.6, àmì pé bí eyín bá jẹ dé ibẹ̀ ó ti tán nìyẹn. Bí abẹ bá ti gé ìgànná yẹn kọjá, tàbí tí ẹ rí okùn tàbí wáyà tó ń yọjú, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò.

Èyí tí wọ́n pè ní tuntun pàápàá, ẹ wò ó. Táyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni àwọn kan ń kì sínú ara wọn kí wọ́n lè kó púpọ̀ wọlé nínú kọ̀ǹténà kan. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn láìmọye ìgbà. Wáyà inú rẹ̀ ti tẹ̀ kó tó dé ọjà. Ẹ fi ọwọ́ tọ ẹnu táyà yíká, ibi tó ń wọ rímù. Bí ó bá ń lọ wọ́gọwọ̀gọ dípò kó ṣe roboto, tàbí tí ìlà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ká pamọ́, wọ́n ti kì í. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, táyà tí wọ́n ṣe ní Ìkẹjà àti Port Harcourt ló pọ̀ nílẹ̀, a mọ orírun rẹ̀. Michelin ti ilé-iṣẹ́ Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà sì dá táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà lẹ́yìn náà. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa níbí, a ṣì ń kọ igi rọ́bà, a sì ń dúró dè é kó padà wá bá wa láti òkè òkun ní táyà. Ó ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá rántí.

Mo ṣèlérí pé màá dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Ní 2011, mo gbé táyà ẹrẹ̀ mẹ́rin wọ ọkọ̀ oníbàárà mi kan tó ń ṣe gẹdú. Mo sọ gbogbo ohun tí táyà náà lè ṣe nínú igbó fún un. N kò sọ ohun tó lè ṣe lórí ọ̀dà. Òjò àkọ́rọ̀ bá a lójú títì, màlúù já síwájú rẹ̀, ó tẹ bíréèkì bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ kò dúró níbi tó máa ń dúró sí. Kòtò ẹ̀gbẹ́ títì ló lọ bá, ọwọ́ rẹ̀ kán. Nígbà tí mo lọ kí i ní ilé ìwòsàn, ó bi mí pé, “Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?” N kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí mo ta táyà ẹrẹ̀ fún tí n kò sọ ọ́ fún: níwọ̀n bí àlàfo ti pọ̀ lójú rẹ̀, rọ́bà tó ń kan ọ̀dà kéré. Nígbà tí ọ̀dà bá tutù, ẹ fi àyè púpọ̀ sí àárín yín àti ọkọ̀ iwájú, ìlọ́po méjì èyí tí ẹ ń fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì rọra wọ kọ́nà. Yóò pariwo, òótọ́ ni, ẹ ó gbọ́ ọ bí ìró oyin láti 60 lọ sókè. Yóò jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ó wúwo. Yóò sì tètè jẹ lórí ọ̀dà, nítorí náà ẹ máa gbé ti iwájú sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn síwájú, ní gbogbo kìlómítà 8,000.

Márùn-ún ni kí ẹ rà, kì í ṣe mẹ́rin. Bí táyà ìpamọ́ bá jẹ́ ti ọ̀dà, ọjọ́ tó bá bẹ́ ní abà, ẹsẹ̀ kan á ga ju èkejì lọ, tí dẹ́rẹ́bà bá sì ti jíà sí H4, èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń jọ fa ọkọ̀, lórí ilẹ̀ líle, jíà ló máa san owó rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún un pẹ̀lú pé kó má lo H4 lórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà yòówù kó wà níbẹ̀.

Ní ti ìdà gẹ̀ẹ́rẹ́ odò yẹn: kí ẹ tó kúrò lórí ọ̀dà, kí dẹ́rẹ́bà dín afẹ́fẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, kó sọ ọ́ di bíi 20 lórí gééjì. Ojú táyà á tẹ́ sílẹ̀, á gùn sí i, á di ilẹ̀ mú. Kó má dín in sí 15 láéláé, ẹnu táyà lè bọ́ kúrò lára rímù. Tí ẹ bá ti di kòkó, kó fẹ́ ti ẹ̀yìn padà sókè tó 30 ó kéré tán, torí ẹrù á fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa. Bí ẹ bá sì ti dé títì, kó fẹ́ gbogbo rẹ̀ dé iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà kó tó sáré, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré máa ń gbóná títí yóò fi bẹ́. Kí ó ti jíà sí L4, ìyẹn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú agbára púpọ̀ àti ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́, kó tó wọ ẹrẹ̀, kó má dúró láàárín rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ kọ̀, kó rọra máa yí ọwọ́ ọkọ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀ sósì, kí eyín ẹ̀gbẹ́ lè rí nǹkan dì mú. Ṣùgbọ́n tí ikùn ọkọ̀ bá ti jókòó lórí ẹrẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù lójú ẹsẹ̀. Ṣọ́bìrì àti pákó ló kù. Gbogbo ìgbà tó bá tún tẹ̀ ẹ́, ihò ló ń gbẹ́.

Ẹ má ta táyà ọlọ́dà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ báyìí bí ó bá ṣì lágbára. Ẹ wá rímù onírin márùn-ún fún táyà ẹrẹ̀. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tí ọ̀nà abà bá ti di eruku, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ fi táyà ẹrẹ̀ pamọ́ síbi tí oòrùn kò ti lè pa á títí òjò yóò fi tún bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. RAV4 ni mo ń wà n'Íbàdàn, 225/65R17 ni táyà rẹ̀. Àdúgbò wa ń di ẹrẹ̀ lásìkò òjò. Ẹni tó ń ta táyà fi M+S hàn mí lára táyà kan, ó ní táyà ẹrẹ̀ nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni?

Awakọ̀, Ìbàdàn

Ìdáhùn

Àbúrò mi, kì í ṣe òótọ́. Ẹrẹ̀ àti yìnyín ni lẹ́tà yẹn dúró fún, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ ọ́ sára ọ̀pọ̀ táyà ọlọ́dà lásán, nítorí pé àlàfo rẹ̀ kàn pọ̀ díẹ̀. M/T ni ti ẹrẹ̀. Ìwọ kò sì nílò M/T. Àdúgbò rẹ kò ju ìwọ̀nba ẹrẹ̀ díẹ̀ lọ kí o tó bọ́ sórí ọ̀dà, orí ọ̀dà yẹn lo sì ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Ra A/T ní ìwọ̀n 225/65R17 kan náà, kí o sì wo DOT rẹ̀ bí mo ṣe sọ fún Ìyá Oníkòkó lókè. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta táyà fún ọ nítorí pé ó rẹwà.

Ìbéèrè

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Àgbọn ni mo ń kó láti etí òkun wá sí Àgbádárìgì, Prado ni mo ń lò, iyanrìn sì ń mú mi mọ́lẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ṣé táyà ẹrẹ̀ á gbà mí?

Alágbọn, Àgbádárìgì

Ìdáhùn

Ọmọ mi, yóò dá kún un ni. Eyín ńlá tó ń bu ẹrẹ̀ jẹ máa ń gbẹ́ iyanrìn bí ọkọ́. Kò sí yangí kankan nísàlẹ̀ tí yóò bá pàdé, nítorí náà yóò máa rì ni. Níbi tìrẹ, fífẹ̀ ló dára, kí ojú táyà sì jọ̀lọ̀ díẹ̀. A/T tó ti lò díẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì lágbára á ṣe é fún ọ ju táyà ẹrẹ̀ tuntun lọ.

Àmọ́ kí o tó náwó rárá, ṣé o ti ń dín afẹ́fẹ́? O kò sọ ọ́, èyí sì jẹ́ kí n rò pé o kì í dín in. Kí o tó wọ iyanrìn pẹ̀lú ọkọ̀ tó ṣófo, sọ ọ́ di 18. Má yíwọ́ lójijì, má sì tẹ bíréèkì le, jẹ́ kí iyanrìn fúnra rẹ̀ dá ọkọ̀ dúró. Tí o bá ń bọ̀ pẹ̀lú àgbọn, fi kún un, kó má baà tẹ́ lábẹ́ ẹrù. Ra pọ́ńpù kékeré tó ń fi bátìrì ọkọ̀ ṣiṣẹ́ àti gééjì tìrẹ, kí o máa gbé wọn lẹ́yìn ọkọ̀, torí pé láti etí òkun dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó wà lójú títì jìn jù fún táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ 18.